Nọ́ọ̀sì Titun Níwájú Ìgbìmọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Johannesburg Fún Ẹ̀yin Olùkọ́

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ẹ̀yin olùkọ́ wa ń kọ́ ní ìwé lónìí ni yóò di nọ́ọ̀sì lọ́la. Bí wọ́n bá sì yege tán, ìdánwò kan ṣì kù tí a kì í fi gègé ṣe: wọn yóò jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé-ìwòsàn, wọn yóò sì fi ẹnu dáhùn ìbéèrè kí a tó gbà wọ́n sí iṣẹ́. A fẹ́ yẹ ọ̀ràn náà wò lónìí, Johannesburg ní ilẹ̀ South Africa ni a sì fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ìtàn ìlú náà fi hàn gbangba pé ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ nìkan kò tó fún nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé. Ó gbọdọ̀ ní ohùn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí ọ̀nà náà ti wá. Ní 1908 ni a kọ orúkọ Cecilia Makiwane sínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì tí òfin mọ̀, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò bẹ́ẹ̀ ní South Africa. Ní 1940 ni Albertina Sisulu, ẹni tí ó padà di ìyá láàrin àwọn ajìjàgbara, dé Johannesburg láti kọ́ iṣẹ́ náà ní apá tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun ní ilé-ìwòsàn ńlá ìlú náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1957, ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun gbé òfin kan jáde lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n pín ìwé orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ara. Wọ́n ní aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ náà. Wọ́n sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí a fi nọ́ọ̀sì funfun sí abẹ́ àṣẹ nọ́ọ̀sì dúdú. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin dúdú ni wọ́n ń fẹ́, wọn kò fẹ́ ohùn wọn. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin dúdú bá jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ní Johannesburg lónìí, tí ẹni dúdú bíi tirẹ̀ sì lè jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà, ẹ má ṣe kà á sí ohun kékeré. Orí ẹ̀tọ́ tí a jà fún ni ó jókòó lé.

Ibi tí a ti lè pè é fún iṣẹ́ pọ̀. Chris Hani Baragwanath wà ní Soweto, ilé-ìwòsàn tí ibùsùn rẹ̀ ju 3,000 lọ. Ní Parktown ni ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé tí a fi sọ orí Nelson Mandela wà, èyí tí a ṣí ní oṣù December 2016. Kí ó tó jáde nílé, ó yẹ kí ìwé rẹ̀ pé: ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́, àti ìwé tí ó fi hàn pé orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì ilẹ̀ náà. Láti 2008 ni a ti fi lélẹ̀ pé kí nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ọdún kan sin ìlú. Inú ọdún náà gan-an ni ọlọ́gbọ́n ti ń múra. Kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ohun tí ó ṣe àti ohun tí ó kọ́ ní wọ́ọ̀dù sí, láìkọ orúkọ aláìsàn kankan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ní kí ó sọ ìṣòro kan tí ó ti bá pàdé, kò ní máa wòkè bí ẹni tí ń ka igi àjà.

A ó bi í ní ìbéèrè ìṣirò, nítorí pé ìwọ̀n ara ọmọ ni a fi ń díwọ̀n oògùn rẹ̀. Bí ọmọ bá wọn kílò 12, tí a sì ní kí a fún un ní paracetamol mìlígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, 180 ni yóò jẹ́. Bí oògùn olómi náà bá ní mìlígíráàmù 120 nínú mìlílítà 5, mìlílítà 7 àti ààbọ̀ ni a ó wọ̀n fún un. A sì lè bi í bí a ṣe ń mọ̀ pé èémí ọmọ ti yá jù. Kí ó ti mọ̀ pé fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, bí ó bá mí ní ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, ewu wà níbẹ̀. Láti oṣù 2 títí di oṣù 11, ó jẹ́ 50. Láti ọdún kan títí di ọdún 5, ó jẹ́ 40.

Ìwé kíkà lè gba ènìyàn là nínú ìwọ̀nyí. Ìbéèrè tí ó ṣòro jù ni èyí: “Dókítà àgbà kọ 1,800 fún ọmọ tí ó yẹ kí ó gba 180. Kí ni ìwọ yóò ṣe?” Òdo kan ṣoṣo ni ó lé, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́wàá oògùn ni. Ọmọ tí ó wà lórí ibùsùn kò mọ ìṣirò, ìyá rẹ̀ kò rí ìwé náà. Láàrin àṣìṣe àgbà àti ọ̀fun ọmọ, nọ́ọ̀sì nìkan ni ó dúró.

Bí ó bá dáhùn pé, “Ohun tí dókítà bá kọ ni n ó fún un,” iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí ó bọ́. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni pé òun kò ní fún ọmọ náà, òun yóò lọ bá dókítà, òun yóò sì wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi tún ìṣirò yìí wò. Kílò 12 ni ọmọ náà. 180 ni èmi rí.” Bí dókítà kò bá gbọ́, òun yóò tọ ọ̀gá nọ́ọ̀sì lọ, òun yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé èyí lòdì sí ẹ̀kọ́ ilé, pé ọmọdé kì í já àgbà ní koro. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé ọgbọ́n ọmọdé, ọgbọ́n àgbà, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà: “ẹ jọ̀wọ́” wà níbẹ̀, “sà” wà níbẹ̀, òtítọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí kò ní kí a dákẹ́ nígbà tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́. Bí a ó ṣe sọ ọ́ ni ó kọ́ wa.

Ohùn kan náà ni yóò fi bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀. Láti 1997 ni ìjọba South Africa ti fi ìlànà kan lélẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Batho Pele, èyí tí ó túmọ̀ ní èdè Sesotho sí pé àwọn ènìyàn ni àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn ìjọba gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, kí ó sì lè sọ bí òun yóò ṣe fi í ṣe ìwà. Bí ìyá bá wí pé, “Ọmọ mi kò rí bí ó ti rí lánàá,” kí nọ́ọ̀sì dìde lọ wo ọmọ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán. Ìyá ni ó mọ ọmọ rẹ̀ jù.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ibi tí ọ̀ràn yìí ti kàn yín nìyí. Ọmọ tí a nà nítorí pé ó wí pé, “Tíṣà, mo rò pé ìṣirò ojú pátákó kò pé,” kò ní lè bá dókítà sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Aṣọ funfun kò lè fún un ní ohùn tí a ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá nàwọ́ sókè ní kíláàsì yín lọ́la, ẹ yí padà sí pátákó, kí ẹ tún ìṣirò náà ṣe ní ojú gbogbo wọn. Bí ó bá jàre, ẹ yìn ín. Bí ó bá ṣì í, ẹ fi ọ̀nà hàn án, kí ẹ sì dúpẹ́ pé ó bi yín.