Ìkórìíra Ará Ìlú sí Ìjọba àti Àǹfààní Ẹgbẹ́ Alátakò: Àyẹ̀wò Ìdìbò Ààrẹ Nàìjíríà, 2011 àti 2015

Bí ará ìlú bá kórìíra ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, ìyẹn nìkan kò tó láti gbé ẹgbẹ́ alátakò dé orí àlééfà. Lọ́dún 2011, ẹgbẹ́ CPC, ACN àti ANPP fa olùdíje mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kalẹ̀. Àpapọ̀ ìbò wọn jẹ́ mílíọ̀nù 15.2, Goodluck Jonathan ti PDP ní mílíọ̀nù 22.5. Yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2012 àti ìkọlù Boko Haram wá bí ará ìlú nínú. Lọ́dún 2013, ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para pọ̀ di APC. Gómìnà márùn-ún láti inú PDP sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Lọ́dún 2015, Muhammadu Buhari ní mílíọ̀nù 15.4, Jonathan ní mílíọ̀nù 12.9.

Ìbò alátakò kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ti PDP ló fi mílíọ̀nù 9.6 dín kù. Ẹ̀rọ ayẹ̀káàdì-ìdìbò-wò tí INEC lò lọ́dún náà lè wà lára ohun tó fa àdínkù yìí. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ hàn: kì í ṣe gbogbo ìbò tó bọ́ lọ́wọ́ ìjọba ni alátakò ń rí he. Ohun tó gbe APC ni pé ìbò alátakò ti wà lójú kan kí ti PDP tó fà sẹ́yìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.