Orúkọ Kì í Ṣe Àmì Ìdánimọ̀: Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ní Ètò Àká Ìsọfúnni

Ojú ọ̀nà tí ó ti Adó-Èkìtì lọ sí Ìjan-Èkìtì ni Pólì Ìjọba Àpapọ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, tí a dá sílẹ̀ ní 2009, wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní irú ilé-ẹ̀kọ́ báwọ̀nyí kò lè ṣàì kọ́ nípa ètò tí a fi ń pa ìsọfúnni mọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí a sì fi ń wá a jáde. Ó lè ya àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lẹ́nu pé a gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá sí àárín olùkọ́ Yorùbá. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti le gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ nípa nǹkan àti orúkọ tí à ń pè é ni, iṣẹ́ tiwa sì nìyẹn.

Kí á kọ́kọ́ fẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ kan. Èdè Ìperí Yorùbá, apá kìn-ín-ní, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, database ni a ó máa pè ní àká ìsọfúnni, nítorí pé inú àká ni àgbẹ̀ ń kó irè oko sí, kì í sì í da àgbàdo pọ̀ mọ́ ẹ̀wà níbẹ̀. Table ni a ó pè ní àtẹ. Bí a bá pè é ní tábìlì, oúnjẹ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rántí. Àtẹ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tí ó lọ ní ìbú, ó sì ní òpó tí ó dúró lóòró. Ní ti key, ọ̀pọ̀ ni yóò fẹ́ kí á pè é ní kọ́kọ́rọ́. A kò fara mọ́ ọn. Kọ́kọ́rọ́ a máa ṣí ilẹ̀kùn. Èyí kò ṣí ohunkóhun, ńṣe ni ó ń ya ìlà kan sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo ìyókù. Àmì ìdánimọ̀ ni a ó pè é.

Edgar F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé èrò àtẹ yìí kalẹ̀ ní 1970. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wá nǹkan nínú kọ̀ǹpútà ní láti mọ ipa ọ̀nà tí ó dé ibi tí a fi nǹkan náà sí. Codd ní kí á kó gbogbo rẹ̀ sínú àtẹ, kí olùlò sì sọ ohun tí ó ń wá nìkan. Ní 1974 ni Chamberlin àti Boyce gbé èdè tí ó di SQL lónìí jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ àwọn àṣẹ SQL sórí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá bi í pé kí ló dé tí a kò kúkú kó ohun gbogbo sínú àtẹ kan ṣoṣo, ẹnu rẹ̀ lè wọ́hò.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ yìí:

(1) a. Táíwò – Ìjan – Ìpínlẹ̀ Oǹdó
b. Kẹ́hìndé – Ìjan – Ìpínlẹ̀ Oǹdó
d. Ìdòwú – Adó – Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ìjan kò kúrò níbi tí ó wà rí. Síbẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà láti 1967. Ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 3 oṣù kejì, 1976. Ó sì di ara Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, 1996. Akọ̀wé tí ó ní àtẹ bí (1) lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà ní láti tún gbogbo ìlà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tún (1a) ṣe, tí ó sì gbàgbé (1b), àká rẹ̀ yóò máa sọ pé ìlú kan náà ni àwọn ìbejì ti wá, ṣùgbọ́n pé ìpínlẹ̀ méjì ni ìlú náà wà. Bí Ìdòwú bá sì jáde, tí a pa ìlà rẹ̀ rẹ́, àká náà kò ní mọ ìpínlẹ̀ tí Adó wà mọ́. Nígbà tí a bá ya ìlú sọ́tọ̀ sí àtẹ tirẹ̀ ni ìṣòro yìí tán:

(2) a. Àtẹ akẹ́kọ̀ọ́: Táíwò – 01, Kẹ́hìndé – 01, Ìdòwú – 02
b. Àtẹ ìlú: 01 – Ìjan – Èkìtì, 02 – Adó – Èkìtì

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ó tún ọ̀rọ̀ Ìjan ṣe, gbogbo ọmọ Ìjan sì ti bá a lọ. Ohun tí ìwé ń pè ní normalization kò ju èyí lọ ní ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè pé, kí ni 01 ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí Ìjan ní orúkọ? Orúkọ a máa yí padà, ó sì máa ń kúrò lára ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíràn. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1982, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Ní 1985 ó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó tún jẹ́ Yunifásítì Adó-Èkìtì kí ó tó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní 2011. Ní 1987 ni Yunifásítì Ifẹ̀ wá ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àká tí ó bá fi orúkọ ṣe àmì ìdánimọ̀ yóò sọ ilé-ẹ̀kọ́ kan di mẹ́rin, yóò sì sọ méjì di ọ̀kan.

Ti ènìyàn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan náà, ìyá kan náà, ìlú kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé ní. Orúkọ nìkan ni ó yà wọ́n, akọ̀wé kan a sì kọ Táíwò lọ́dún yìí, kí òmíràn kọ Táyé lẹ́ẹ̀mìíì. Àwọn kan yóò ta kò wá pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. A gbà, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó ń já ọmọ ní ìjánu nínú agbo ilé kò tó láti yà á sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ọmọ. Ọmọ kan náà lè ní orúkọ àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì, kí bàbá àti ìyá àgbà sì tún fún un ní tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fara balẹ̀ yóò la òpó fún orúkọ kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta. Ṣé ó mọ iye tí ìyá àgbà yóò sọ? Àtẹ orúkọ ni kí ó yà sọ́tọ̀, orúkọ kan sí ìlà kan.

Èyí tí ó kan àwa olùdánwò jù ni àmì ohùn. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A lè tẹ̀ ẹ́ bí ọ àti àmì òkè, bí ó àti àmì abẹ́, tàbí bí o àti àmì méjèèjì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yàtọ̀ lójú wa. Bí a kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan kí á tó pa wọ́n mọ́, wíwá lè kùnà, kí ọmọ má sì rí èsì ìdánwò rẹ̀. Àwọn mìíràn a pa gbogbo àmì tì, tí Oyè, orúkọ ènìyàn, àti Ọ̀yẹ́, ìlú ní Èkìtì, fi di Oye kan náà.

A dábàá pé kí olùkọ́ má ṣe fi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Kí ó mú ìwé ìpè-orúkọ kíláàsì wá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ọwọ́ tú u sí àtẹ. Nínú ìdánwò, kí á fún wọn ní Bọ́lá tí a tẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta náà, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí kan náà àti ìlú kan náà, kí á sì bi wọ́n pé ènìyàn mélòó ni ó wà níbẹ̀, àti pé kí ni wọ́n fi mọ̀.