Bèbè Méjì ni Odò Ọya Ní

"Ó le kú, ìjà Ore!" Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, bí àwọn méjì bá wọ̀yá ìjà tí wọn kò gbà fún onílàjà, òun ló máa ń jáde lẹ́nu wa. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ọ́ ni kò mọ̀ pé ìjà wáyé ní Ore lóòótọ́. Oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni. Àwọn ọmọ ogun Biafra ti gba orí afárá Onitsha kọjá, wọ́n ti gba Asaba àti Benin, wọ́n sì ti dé Ore nílẹ̀ Oǹdó kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró. Ọmọ Yorùbá ni olórí àwọn ọmọ ogun Biafra yẹn, Victor Bánjọ. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, Ojukwu, olórí Biafra, ti ní kí wọ́n yìnbọn pa á ní Enugu.

Ọ̀nà yẹn náà ni bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ sí Onitsha ń gbà títí dòní. Èrò á sọ̀ jẹun ní Ore, wọ́n á kọjá Benin, wọ́n á dé Asaba, wọ́n á sì fojú kan Odò Ọya kí wọ́n tó wọ ọjà. Oníṣòwò wa mọ iye tí wọ́n ń ta ọjà ní Onitsha, ó mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í ti í rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tí ojú bèbè odò yẹn rí ni kò mọ̀. Bó bá délé lálẹ́, yóò tan tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù, yóò máa wo dọkumẹ́ńtárì ogun Ukraine, ti Gaza, ti Sudan, yóò sì máa dá ẹjọ́ wọn. Kò burú kí a mọ ohun tó ń ṣe ọmọ aráyé. Àmọ́ ìtàn Onitsha ti kọ́ mi pé ibi tí wọ́n bá jẹ́ kí kámẹ́rà dúró sí ni ẹjọ́ sábà máa ń gbà lọ.

Ẹ wo oṣù kẹwàá ọdún 1967. Àwọn ọmọ ogun ìjọba tí Murtala Muhammed ń darí lé àwọn Biafra padà títí dé Asaba. Bí àwọn yẹn ti sọdá tán, wọ́n fi bọ́ǹbù já afárá náà lápá Onitsha. Ìparí ọdún 1965 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ tán, kò tíì pé ọdún méjì! Báyìí ni àwọn sójà há sí Asaba. Lọ́jọ́ keje oṣù náà, àwọn ará ìlú jáde tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n wọ akwa ocha, aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣayẹyẹ, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin pé Nàìjíríà kan ṣoṣo làwọn ń fẹ́, kí àwọn sójà lè rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn sójà ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, àti ọmọdékùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Wọ́n kó wọn lọ sí gbàgede kan ní Ogbe-Osowa, wọ́n sì da ìbọn bò wọ́n. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ní iye èèyàn tí wọ́n pa ní Asaba láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn á tó 500, ó sì lè tó 1,000. Ọ̀pọ̀ ìyá ló sin ọkọ sin ọmọ nínú oṣù kan náà, àwọn kan kò tilẹ̀ rí òkú sin.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn sójà wọ ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sọdá sí Onitsha. Ọjà ńlá náà jóná. Àwọn Biafra padà kọlù wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sọdá kò sì padà sí Asaba mọ́. Wọ́n tún gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Ìgbà tí Murtala gba ọ̀nà Idah yípo, tó gba orí ilẹ̀ wá láti Enugu, ni ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ Onitsha, ní oṣù kẹta ọdún 1968.

Kò sí fíìmù kankan tó ká ìpànìyàn Asaba sílẹ̀. Kámẹ́rà dé lóòótọ́, àmọ́ ọdún 1968 ló tó pọ̀, ibòmíràn ló sì dúró sí. Ní Uli, lójú ọ̀nà Onitsha sí Owerri, àwọn Biafra sọ títì di pápákọ̀ òfuurufú. Òru ni bàálù ń balẹ̀ síbẹ̀, nítorí bọ́ǹbù. Wọ́n ń kó panla, mílíìkì àti iyọ̀ wá, oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè náà sì ń bá wọn wọlé. Àwọn wọ̀nyí ló ya àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí egungun àyà wọn ṣeé kà. Àwòrán náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó dé Paris, ó dé Dublin, ara aráyé kò sì gbà á. Àwọn ìjọ Kristẹni fi bàálù kó oúnjẹ lọ ní ìgbà tó lé ní 5,000. Nínú àwọn dókítà Faransé tó lọ tọ́jú wọn ni a ti rí àwọn tó dá Médecins Sans Frontières sílẹ̀ lọ́dún 1971. Mo gbà pé àwòrán gba ẹ̀mí là níbẹ̀, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Lọ́dún 1968 kan náà, àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n ITN láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀lé ọmọ ogun ìjọba. Lójú kámẹ́rà wọn, ọ̀gá sójà kan yìnbọn pa ọmọ Biafra kan tí wọ́n ti mú, tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́. Fíìmù náà jáde. Ilé ẹjọ́ ológun dá ọ̀gá sójà náà lẹ́bi, wọ́n so ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa á lójú oníròyìn. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n rí i tó pa, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ti Asaba ńkọ́, níbi tí òkú ti sùn lọ bẹẹrẹbẹ? Kò sí sójà kan tí wọ́n fà lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Yakubu Gowon, olórí ìjọba nígbà ogun náà, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará Asaba, àmọ́ ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí fíìmù ogun bá ti ń lọ lójú wa, ó yẹ kí a máa bi í pé, ta ló mú ọ débí, ta ló sì wà ní bèbè kejì tí o kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ohun tó mú kí n gba ti "No Other Land", tó gba ẹ̀bùn Oscar lọ́dún 2025, nìyẹn. Ọmọ Palẹ́sìtínì méjì àti ọmọ Ísírẹ́lì méjì ló jọ ṣe é. Ilẹ̀ Ukraine ni Mstyslav Chernov, tó ṣe "20 Days in Mariupol", ti wá, orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ni bọ́ǹbù ń já lù bó ti ń yàwòrán.

N kò tíì rí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ nípa ogun tiwa. Àlejò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó mú kámẹ́rà wá, wọ́n sì gbé e lọ. Ẹnu àwọn tó yè bọ́ ni a ti wá mọ ti Asaba: Emma Okocha kó o sínú ìwé lọ́dún 1994, nígbà tó sì di 2017, Elizabeth Bird àti Fraser Ottanelli gbé ìwé tiwọn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ta ló gba ti àwọn bàbá wa sílẹ̀? Ọmọ Yorùbá wà nínú ogun yẹn yanturu. Benjamin Adékúnlé darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ipò rẹ̀ lọ́dún 1969, àwọn sójà tó tẹ̀ lé wọn sì ní ilé àti ìdílé láàárín wa. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní àádọ́rin.

Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúnlẹ̀ tì í lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ tan fóònù yín, ẹ jẹ́ kó fi èdè tirẹ̀ sọ ohun tó rí, àti ohun tó ṣe. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti ìlú náà sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ní ọ̀rẹ́ ní Onitsha tàbí Asaba, ẹ ní kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ nílé tiwọn.