Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó ràn wọ́n lọ́wọ́

Ẹ̀yin òbí wa, ọ̀pọ̀ ilé ló wà tó jẹ́ pé bí àlejò bá ti dé, wọn yóò sáré gbé ọmọ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara wọ yàrá lọ. Ojú ló ń tì wọ́n. Bẹ́ẹ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń gba àmì ẹ̀yẹ wúrà fún Nàìjíríà.

Ní London lọ́dún 2012, wúrà 6 ni àwọn ọmọ wa gbà níbi Paralympics, ìyẹn ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara. Ní Paris lọ́dún 2024, Folashade Oluwafemiayo dùbúlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé irin tó wúwo tó kílò 167. Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ!

Ibi kékeré ni ìdíje yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní July 29, 1948, Dókítà Ludwig Guttmann kó èèyàn 16 tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara jọ ní ọsibítù Stoke Mandeville, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta ọfà. Nígbà tó fi máa di 2012, nǹkan bíi 70,000 èèyàn ló yọ̀ǹda ara wọn láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbi Olympics àti Paralympics ti London. Àwọn kan ń fi ọ̀nà han àlejò, àwọn kan ń wa mọ́tò.

Ẹ wo eré sísá àwọn afọ́jú. Ẹnì kan tó ríran máa ń bá afọ́jú sá a, okùn kékeré ló so ọwọ́ wọn pọ̀. Òfin ni pé kò gbọdọ̀ fà á, kò sì gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀ dé òpin. Bó ṣe yẹ ká máa ràn wọ́n lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ má ti kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni láìbèèrè. Bó bá ní rárá, ẹ má bínú. Kó tó dìde lórí rẹ̀, ẹ rí i pé bíréèkì ti di táyà mú. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ṣáájú, kẹ́ ẹ sì rọra. Ẹni tó ń jókòó pẹ́ gbọ́dọ̀ máa yí ìdí padà lóòrèkóòrè, kí egbò má baà dá sí i lára. Ẹ má wọ́ afọ́jú; ẹ jẹ́ kó di ìgbọ̀nwọ́ yín mú, kẹ́ ẹ sì sọ fún un bí ẹ bá dé àtẹ̀gùn. Ẹ kọjú sí adití bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, kó lè rí ẹnu yín.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má sọ pé agbára yín ò gbé e mọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí wọ́n bá ń ṣeré ìdárayá nílé-ẹ̀kọ́ ládùúgbò yín, ẹ lè jókòó kẹ́ ẹ máa kọ orúkọ, tàbí kẹ́ ẹ máa pín omi.

Ẹ̀yin ará Ìkòyí-Ilé, bí ẹ bá gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá dé Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn yàrá yẹn ná. Ẹ bi ọmọ yín léèrè: "Eré wo lo fẹ́ ṣe?"