Ẹ má ṣe lámínéètì owó àtijọ́

Ẹ̀yin ará wa lókè ọya, ẹ tú àpótí àwọn bàbá yín wò. Pọ́n-ùn Nàìjíríà tí náírà rọ́pò ní 1973, tàbí ogún náírà ti 1977 tó ní àwòrán Murtala Muhammed, kò ṣeé ná mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń rà á.

Èmi fọwọ́ ara mi ba ti bàbá mi jẹ́: mo lọ ṣe lámínéètì rẹ̀. Oníbàárà kàn wò ó, ó dá a padà. Ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣeé ṣí mọ́.

Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Inú ìwé funfun ni kó wà, níbi gbígbẹ tí ikán ò lè dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì àti ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wa àtijọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi ọmọ wa pé ìgbà wo ló débí, ìwé yẹn ni yóò bá a fèsì.