Bí Àgbẹ̀ Ṣe Lè Ran Olùkọ́ Lọ́wọ́ Láti Kọ́ Àwọn Ọmọ ní Oko

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde láti inú yàrá ẹ̀kọ́ lọ sí oko, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹlòmíràn nínú wọn jẹ́ àlejò ní ìlú yín. Kò mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, kò sì mọ ibi tí agbọ́n wà. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé àwọn òbí yóò wí pé iṣẹ́ ni òun ń fi ọmọ wọn ṣe. Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó lè mú ẹ̀rù yìí kúrò, nítorí ọwọ́ yín ni ilẹ̀ wà.

Ẹ̀rù àwọn òbí kì í ṣe asán. Ó ti pẹ́ tí a ti ń rán ọmọ tí kò tètè dé ilé-ìwé lọ ro oko gẹ́gẹ́ bí ìyà. Ọmọ tí a fi ọkọ́ jẹ níyà yóò ka ọkọ́ sí ọ̀tá. Bí ó bá dàgbà tán, ẹ má ṣe bi í léèrè ìdí tí kò fi fẹ́ gba oko lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó yé ọ̀gá ilé-ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ni àwọn ọmọ ń bọ̀ wá kọ́, pé wọn kì í ṣe alágbàṣe.

Kí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kúrú. Ogójì ìṣẹ́jú tó, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, ní oko tí ó sún mọ́ ilé-ìwé. Kí olùkọ́ mú ohun kan ṣoṣo tí yóò fi hàn wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ wọn ní ohun gbogbo ní ọjọ́ kan kì í sábà padà wá.

Èyí tí ó wù mí jù ni gbòǹgbò ẹ̀wà. Nígbà tí ẹ̀wà bá ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ fi ọkọ́ wú ìdí kan jẹ́jẹ́, ẹ má ṣe fà á tu. Ẹ wú ìdí àgbàdo kan pẹ̀lú. Ẹ gbọn erùpẹ̀ kúrò lára méjèèjì. Àwọn ọmọ yóò rí kókó róbótó kéékèèké lára gbòǹgbò ẹ̀wà, wọn kò sì ní rí i lára ti àgbàdo. Kí olùkọ́ fi èékánná la ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n díẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀: wọ́n ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Bí inú rẹ̀ bá funfun tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé, wọn kò ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí àgbàdo fi ń ṣe dáadáa lẹ́yìn ẹ̀wà, bí a bá fi ewé àti gbòǹgbò ẹ̀wà sílẹ̀ kí ó jẹrà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó mọ èyí láìrí kókó náà rí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin náà yóò kọ́ nǹkan lọ́jọ́ náà.

Ìṣirò pẹ̀lú wà ní oko. Ẹ na okùn tí ó gùn ní mítà 3, kí àwọn ọmọ fi rúlà sàmì ihò àgbàdo sí i ní sẹ̀ǹtímítà 25 síra wọn. Wọn yóò jiyàn bóyá ihò 12 ni tàbí 13. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ̀yin àti olùkọ́ jùmọ̀ rin oko náà. Ẹ wo agbọ́n, wèrèpè, àfọ́kù ìgò àti kànga tí kò ní ìdérí. Ẹ kó àdá àti ike oògùn kúrò. Oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí iye ọjọ́ tí a kọ sára ike oògùn yóò fi pé. Bí ìwé ara ike náà bá ti ya, oko ẹlòmíràn ni kí ẹ mú wọn lọ. Kí omi mímu wà, kí ọṣẹ ìfọwọ́ sì wà.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè yan ọmọ ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí oko wọn kò jìnnà. Kí akọ̀wé kọ ìwé sí ọ̀gá ilé-ìwé, kí ó sọ ibi tí oko wà, ohun tí a gbìn sí i, àti oṣù tí ó dára láti wá, kí àwọn òbí lè gbọ́ ṣáájú. Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́, olùkọ́ ni kí ó máa kọ́ni. Kí àgbẹ̀ dúró nítòsí láti dáhùn ìbéèrè. Bí àwọn ọmọ bá ju 30 lọ, kí ìdajì wọn wá ní ọjọ́ mìíràn.