Ṣé bí wáàtì amplifier bá ṣe pọ̀ tó ni orin ọkọ̀ yín á ṣe dùn tó?

Bí ẹ bá dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin láti ra amplifier sínú ọkọ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ kọ lù yín lójú ni nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára páálí: 2000W, 3000W, 5000W. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ jù lorin rẹ̀ máa dùn jù. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tí ò bá mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ lè náwó tán, kí sípíkà rẹ̀ tún jó.

Wáàtì wo lẹ fẹ́ wò?

Wáàtì ni ìwọ̀n agbára iná tí amplifier ń gbé fún sípíkà. Èyí tí wọ́n kọ "max" tàbí "peak" sí lára ni agbára tó lè ta jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Nígbà míì, wọ́n kàn kọ ọ́ láti fi fa ojú oníbàárà ni. Èyí tí wọ́n kọ RMS sí ni agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró. RMS yìí ni kẹ́ ẹ bèèrè.

Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ wo fíùsì rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré bá ń ṣiṣẹ́, iná rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi fóòtì 14. Bí fíùsì amplifier bá jẹ́ 30, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 14: wáàtì 420 nìyẹn. Gbogbo iná tó lè máa wọlé nìyẹn, apá kan rẹ̀ á sì tún di ooru. Ibo wá ni 2000 ti fẹ́ jáde? Ẹni tó ra kóńgò ẹ̀wà mẹ́wàá ò lè wọn ogún fún oníbàárà.

Ṣé agbára ò wúlò ni?

Ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe bí a ṣe rò. Bí ẹ bá kúrò ní wáàtì 50 lọ sí 100, désíbẹ̀lì 3 péré ló máa fi kún ariwo, etí ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà. Kó tó dún ní ìlọ́po méjì létí, ó máa gbà tó ìlọ́po mẹ́wàá agbára.

Ibi tí agbára ti ṣiṣẹ́ gan-an ni kí ohùn má bàa bàjẹ́. Nínú orin fújì, bí gángan bá ké lójijì, agbára tí orin ń fẹ́ lè di ìlọ́po mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí amplifier ò bá ní in, ṣe ló máa gé orí ohùn náà dànù. Orin á máa há, tweeter á sì máa gbóná títí tó fi máa jó. Ìdí nìyẹn tí amplifier kékeré tí wọ́n yí fòlúùmù rẹ̀ dópin fi lè ba sípíkà tó lágbára jù ú lọ jẹ́.

Kí lẹ lè ṣe?

Ẹ jẹ́ kí RMS amplifier bá ti sípíkà mu, tàbí kó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ẹ sọ fún réwáyà yín pé kó fi wáyà tó nípọn fà á tààrà láti orí bátìrì, kó sì fi fíùsì sí i nítòsí bátìrì. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ gain sí kì í ṣe fòlúùmù, ẹ má yí i dópin.

Ẹ rántí etí yín náà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní èèyàn lè gbọ́ ariwo désíbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Awakọ̀ tó ń ti Ojúẹlẹ́gbá lọ Yaba látàárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú orin tó ń mi ọkọ̀ tìtì lè lo wákàtí mẹ́rin yẹn tán kí ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó pọ́n.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè RMS, ẹ wo fíùsì, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi orin tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa sí i. Tó bá ń há níbi tí ẹ ti máa ń gbọ́ ọ, ẹ fi sílẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí.